Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Portlaoise, ẹ wá mọ ilẹ̀ tẹ́ ẹ tẹ̀

Ẹ jẹ́ ká ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti máa ń kọ́kọ́ kọsẹ̀. Wọ́n ń kọ ọ́ ní Portlaoise, àmọ́ Pọọtì-líìṣì ni wọ́n ń pè é, káúǹtì tó wà nínú ẹ̀ náà, Laois, Líìṣì ni, ẹ má pe lẹ́tà àárín yẹn bí a ṣe ń pè é ní Yorùbá rárá. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fẹ́ ra tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdó tíréènì Heuston ní Dublin, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè é bí mo ṣe rí i lórí ìwé, ọ̀rọ̀ mi ò yé ọkùnrin tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ìyá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́yìn mi ló bá mi pè é, ó wá jókòó tì mí nínú tíréènì, ó dẹ̀ ń sọ ìtàn ìlú náà fún mi títí a fi dé. Ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé àwọn ará ibí fẹ́ràn àlejò tó bá béèrè nípa ilẹ̀ wọn. Ohun tí mo gbọ́, tí mo kà, tí mo fi ẹsẹ̀ ara mi rìn dé látìgbà yẹn ni mo fẹ́ kọ sílẹ̀ fún yín, torí ó kan adírẹ́ẹ̀sì yín, ó kan ilé tẹ́ ẹ máa gbà, ó dẹ̀ kan ìbò yín pẹ̀lú.

Àárín Ireland gan-an la wà, bíi kìlómítà 85 sí Dublin, lápá gúúsù ìwọ̀ oòrùn. Tíréènì ń lò tó wákàtí kan kó tó dé Heuston. Márosẹ̀ M7 tó ń lọ Limerick gba ẹ̀gbẹ́ ìlú kọjá, M8 tó ń lọ Cork náà nítòsí ibí ló ti ya kúrò lára ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ilé iṣẹ́ ìkẹ́rù àti ọkọ̀ àjàgbé fi pọ̀ lágbègbè yìí. Ohun tó sọ ìlú di ńlá láìpẹ́ yìí náà nìyẹn: ilé wọ́n ní Dublin, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá gbé níbí kí wọ́n lè máa wọ tíréènì lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ka èèyàn ní 2011, 20,145 ni wọ́n kà, nígbà tó di 2022 ó ti di 23,494. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí mò ń sọ, ẹ lọ sí ibùdó tíréènì láàárọ̀ kùtù ọjọ́ Mọ́ńdè. Ẹni tó bá wá níbí torí pé rẹ́ǹtì dín sí ti Dublin, kó kọ́kọ́ ṣírò owó tíréènì oṣù kan mọ́ ọn kó tó fọwọ́ sí ìwé ilé, kó dẹ̀ ṣírò wákàtí tó máa máa lò lójú ọ̀nà, torí mo ti rí àwọn tí kì í rí ojú ọmọ wọn àfi ní Sátidé.

Nkan kan tún wà tó yani lẹ́nu nípa Laois. Kò kan òkun níbì kankan, gbogbo káúǹtì tó yí i ká náà, Offaly, Kildare, Carlow, Kilkenny àti Tipperary, kò sí èyí tó kan òkun nínú wọn. Nínú gbogbo Ireland tó jẹ́ pé omi ló yí i ká, Laois nìkan lọ̀rọ̀ ẹ̀ rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ títẹ́jú ló pọ̀ jù, oko àti pápá màlúù, pẹ̀lú ilẹ̀ àbàtà dúdú tí wọ́n ń gé bíi búrẹ́dì, tí wọ́n á sá gbẹ, tí wọ́n á fi dáná, òórùn èéfín tẹ́ ẹ máa gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ tí òtútù bá mú nìyẹn, kì í ṣe ilé ló ń jó. Lápá ìwọ̀ oòrùn ni àwọn òkè Slieve Bloom wà, èyí tó ga jù ń jẹ́ Arderin, mítà 527, kò ga tó òkè tí ọmọ Èkìtì máa pariwo lé lórí, àmọ́ inú àwọn òkè yẹn ni odò Barrow ti sun, odò tó gùn tẹ̀lé Shannon ní gbogbo Ireland. Odò kékeré tó gba àárín ìlú wa kọjá ń jẹ́ Triogue.

Ẹ wá jẹ́ ká pa dà sórí orúkọ. Àwọn ìdílé Ó Mórdha, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní O'More tàbí Moore, ló jọba lórí ilẹ̀ yìí. Ní nǹkan bí 1548 àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá kọ́ odi sáàárín ilẹ̀ wọn, wọ́n pè é ní Fort Protector, torí ọmọdé lọba wọn Edward Kẹfà nígbà yẹn, ẹni tó ń bá a ṣèjọba ni wọ́n ń pè ní Protector. Nígbà tó di 1556, tí Mary ẹ̀gbọ́n Edward ti wà lórí oyè, wọ́n ṣòfin láti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn tó ni ín, kí wọ́n sì kó àwọn Gẹ̀ẹ́sì wá dó síbẹ̀. Wọ́n sọ káúǹtì di Queen's County, wọ́n sọ ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ odi di Maryborough. Offaly tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọ́n sọ òun náà di King's County nítorí Philip ọkọ Mary, tó jẹ́ ọba Spain, ìlú tí wọ́n ń pè ní Daingean lónìí ni wọ́n sọ di Philipstown. Mary yìí o, kò fẹsẹ̀ tẹ Ireland rí títí ó fi kú, síbẹ̀ orúkọ ẹ̀ ni wọ́n fi ń pe ilẹ̀ onílẹ̀ fún ohun tó lé ní 350 ọdún. Tí mo bá rántí pé àwa náà ní ìlú àti òpópónà tí wọ́n fi orúkọ gómìnà àjèjì pè, ọ̀rọ̀ yìí máa ń dùn mí lọ́nà tí mi ò lè ṣàlàyé.

Àwọn O'More ò gbà bẹ́ẹ̀ o. Baba jà, ọmọ jà. Owny O'More, tó jẹ́ olórí wọn tó jà gbẹ̀yìn, wọ́n pa á ní 1600, lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n fipá kó ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìdílé ńlá ilẹ̀ yìí lọ sí Kerry lápá ìwọ̀ oòrùn gúúsù. Ìdílé méje ni ìtàn ń kà: O'More, O'Lalor, O'Dowling, O'Kelly, O'Doran, Devoy àti McEvoy. Ẹ wá rìn gba Main Street lónìí kẹ́ ẹ ka orúkọ tó wà lórí ṣọ́ọ̀bù, tàbí kẹ́ ẹ wo orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù fún Laois, àwọn orúkọ yẹn ṣì wà níbẹ̀. «Ó» tó wà níwájú orúkọ wọn, ọmọ-ọmọ ló túmọ̀ sí, «Mac» dẹ̀ ni ọmọ, nítorí náà tí ẹnìkan bá ń jẹ́ Lalor, ó ń sọ fún yín pé ọmọ ibí lòun. Ẹ bi í bóyá ìdílé Laois ni, ẹ máa rí bí ojú ẹ̀ ṣe máa là. Lẹ́yìn tí Ireland gba òmìnira ní 1922 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dá orúkọ pa dà, ní 1929 Maryborough di Portlaoise, ìyẹn odi Laois. Ìwé àtijọ́ àti òkúta sàréè ṣì ń jẹ́ Maryborough, ẹ má rò pé ìlú míì ni. Díẹ̀ lára ògiri odi yẹn ṣì wà lẹ́yìn Main Street, ẹ lè fọwọ́ kàn án.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wakọ̀, ọ̀rọ̀ orúkọ ìlú yìí máa wúlò fún yín gan-an. Orúkọ tó wà lójú pátákó, èdè Irish ni ọ̀pọ̀ ẹ̀ ti wá, Gẹ̀ẹ́sì kàn kọ ọ́ bí etí wọn ṣe gbọ́ ọ ni. «Bally» tẹ́ ẹ ń rí níbi gbogbo, baile ni, ìyẹn abúlé tàbí ilé ẹni. «Kil» ọ̀pọ̀ ìgbà ṣọ́ọ̀ṣì ni. «Knock» ni òkè, «Dun» ni odi, «Rath» ni odi roboto tí wọ́n fi erùpẹ̀ mọ, «Clon» ni pápá koríko, «Derry» ni igbó igi óòkù. Tẹ́ ẹ bá ti mọ bíi mẹ́wàá, pátákó á máa bá yín sọ̀rọ̀, bí ọmọ Yorùbá ṣe mọ̀ láìbéèrè pé òkúta wà ní Abẹ́òkúta.

Àwọn orúkọ kéékèèké yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtàn lásán, orí wọn ni adírẹ́ẹ̀sì gbogbo ìgbèríko dúró lé. Wọ́n pín Ireland sí agbègbè kéékèèké tí wọ́n ń pè ní townland, ó lé ní 60,000, ọ̀pọ̀ ilé tó wà ní ìgbèríko ò ní nọ́ńbà, òpópónà wọn ò lórúkọ, orúkọ townland nìkan ni wọ́n ń kọ, ilé mẹ́wàá lè máa jẹ́ adírẹ́ẹ̀sì kan náà, tó fi jẹ́ pé orúkọ èèyàn ni alápò lẹ́tà fi ń dá wọn mọ̀. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn ni mò ń ṣe, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ tí mo bẹ̀rẹ̀, adírẹ́ẹ̀sì tí wọ́n fún mi, orúkọ bàbá àti orúkọ townland nìkan ló wà níbẹ̀, mo yí po nínú òkùnkùn oṣù Kejìlá fún ogójì ìṣẹ́jú, ilé wà lápá ọ̀tún mi ní gbogbo àkókò yẹn. Ohun tó yanjú ẹ̀ ni Eircode tí wọ́n mú wọlé ní 2015. Lẹ́tà àti nọ́ńbà méje ni, ilé kọ̀ọ̀kan ló ní tiẹ̀, kò bá ti aládùúgbò dọ́gba, kódà yàrá kọ̀ọ̀kan tó dá dúró nínú fúláàtì lè ní tiẹ̀. Tí Portlaoise, R32 ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ tẹ́ ẹ bá gba kọ́kọ́rọ́ ilé ni kẹ́ ẹ bi lándìlọ́ọ̀dù ní Eircode, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sára ògiri níbi tí àwọn ọmọ á ti rí i, kí wọ́n mọ̀ ọ́n lórí, torí tẹ́ ẹ bá pe 112 tàbí 999 lóru pé èèyàn dákú, ohun tí wọ́n máa fi wá yín rí nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá ní ọjọ́ kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fẹ́ fi mọ ilẹ̀ yìí, ẹ lọ sí Rock of Dunamase. Kò jìnnà, ọ̀nà Stradbally ni, ẹnikẹ́ni ò gba owó lọ́wọ́ yín. Àpáta ni, ó ga tó mítà 46 sókè ilẹ̀ títẹ́jú, àwókù ilé olódi ló wà lórí ẹ̀. Odi ti wà níbẹ̀ kí àwọn Viking, àwọn akónilẹ́rù tó ń fi ọkọ̀ ojú omi wá láti àríwá Yúróòpù, tó wá kó o ní ọ̀rúndún kẹsàn-án. Diarmait Mac Murchada tó jẹ́ ọba Leinster, òun ló lọ ké sí àwọn Norman, àwọn jagunjagun tó ń jọba lórí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn, láti òkè òkun pé kí wọ́n wá bá òun jà, ó fi Aoife ọmọbìnrin ẹ̀ fún olórí wọn tí wọ́n ń pè ní Strongbow ní 1170, Dunamase wà lára ohun tó bá ìyàwó lọ. Ọ̀rọ̀ ìkésíni yẹn ni Gẹ̀ẹ́sì fi rọ́nà wọ Ireland. Àwọn ọmọ ogun Cromwell, olórí ogun Gẹ̀ẹ́sì, ló wá fọ́ ọ ní nǹkan bí 1650. Mo máa ń kó àwọn ọmọ mi gun orí ẹ̀ ní ọjọ́ tí kò bá sí òjò, ojú èèyàn á ríran dé Slieve Bloom, mo dẹ̀ máa ń fi ibi tí ilé wa wà hàn wọ́n láti òkè yẹn. Ẹ wọ bàtà tó dáa, koríko ibẹ̀ ń yọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọgbà ẹ̀wọ̀n náà ńkọ́? Tẹ́ ẹ bá sọ fún ará Dublin pé Portlaoise lẹ̀ ń gbé, ọgbà ẹ̀wọ̀n ló máa kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn. Lójú ọ̀nà Dublin ló wà, wọ́n kọ́ ọ ní 1830, ibẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹlẹ́wọ̀n IRA, ẹgbẹ́ tó ń fi ìbọn jà kí Àríwá Ireland lè kúrò lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, sí nígbà rògbòdìyàn Àríwá, nínú 1974 mọ́kàndínlógún nínú wọn fọ́ ọgbà náà jáde. Midlands Prison tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ṣí ní 2000. Ẹ má jẹ́ kíyẹn dẹ́rù bà yín láti gba ilé lágbègbè yẹn, àwọn wọ́dà àti nọ́ọ̀sì ló kún ibẹ̀, ọsibítù ìjọba náà ò jìnnà síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn wa ló ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀.

Ó kan ọsibítù, ẹ̀yin obìnrin wa, mélòó nínú yín ló bímọ sí Rotunda ní Dublin? Ọmọ ìlú wa ló dá a sílẹ̀. Bartholomew Mosse, dókítà tí wọ́n bí sí Maryborough, rí bí àwọn aláboyún tálákà ṣe ń kú ní Dublin, ó ṣí ilé ìgbẹ̀bí fún wọn ní 1745, ilé ìgbẹ̀bí yẹn ò sì tíì ṣíwọ́ iṣẹ́ títí dòní. Inú mi dùn lọ́jọ́ tí mo mọ̀ ọ́n, torí ibẹ̀ ni wọ́n bí àkọ́bí mi sí, kí n tó mọ ibi tó ń jẹ́ Portlaoise rárá.

Ẹ tún gbọ́ ti ìyàn ńlá. Ní 1841, èèyàn tó ń gbé Laois lé ní 150,000. Láti 1845 ọ̀dùnkún tí tálákà ń jẹ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà nínú ilẹ̀, bíi mílíọ̀nù kan èèyàn kú ní Ireland láàárín ọdún mélòó kan, àwọn tó lé ní mílíọ̀nù kan wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Kánádà. Ní 2022, pẹ̀lú gbogbo àwa tá a wá, 91,877 ni gbogbo Laois. Èyí túmọ̀ sí pé ilẹ̀ yìí ò tíì kún tó bó ṣe kún rí, àwókù ilé tẹ́ ẹ̀ ń rí nínú oko, èèyàn ló gbé ibẹ̀. Kò sí ìdílé kan níbí tí kò lẹ́ni tó lọ òkè òkun. Bàbá kan tí mò ń tọ́jú, ẹ̀gbọ́n ẹ̀ obìnrin lo ọgbọ̀n ọdún ní Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bíi sísítà, ìyá wọn máa ń sunkún tí lẹ́tà bá dé, bàbá náà sọ fún mi pé, «Ìyá tìẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ nísinsìnyí.» Mo jáde lọ dúró nínú mọ́tò mi fún ìgbà díẹ̀ kí n tó lè wakọ̀.

Nítorí náà tí aládùúgbò yín bá kú, ẹ lọ. RIP.ie ni wọ́n ń gbé ìkéde òkú sí, gbogbo ìlú ló ń kà á, ọjọ́ tí òkú máa wà nílé tàbí ní ilé ìsìnkú máa wà níbẹ̀. Wọn ò ní pín aṣọ ẹbí, wọn ò retí owó. Ẹ tò sórí ìlà, ẹ bọ àwọn ẹbí lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ sọ fún wọn pé ẹ bá wọn kẹ́dùn, ẹ kọjá. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, àmọ́ wọn ò ní gbàgbé.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ kánsù, ibẹ̀ ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ dáadáa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti London wá, kánsù ibí ò rí bíi tọ̀hún. Laois County Council, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Áras an Chontae ní àárín ìlú, ló ń rí sí ọ̀nà, láíbúrárì, ìwé àṣẹ ilé kíkọ́, owó táàsì mọ́tò, àti orúkọ kíkọ sílẹ̀ fún ilé ìjọba. Ilé ìwé kì í ṣe tiwọn, ọsibítù kì í ṣe tiwọn, ọlọ́pàá, ìyẹn Garda, kì í ṣe tiwọn. Ayálégbé kì í san owó oríi kánsù bíi ti Gẹ̀ẹ́sì, onílé ló ń san owó ilé ẹ̀, àmọ́ ìdọ̀tí yín, kọ́ḿpánì aládàáni ló ń kó o, ẹ̀yin lẹ máa forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, ẹ̀yin lẹ máa sanwó, àfi tó bá ti wà nínú rẹ́ǹtì. Láíbúrárì, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò gba owó ìtanràn ìwé tó pẹ́ mọ́ láti 2019, ẹ kó àwọn ọmọ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́sẹ̀ tẹ́ ẹ bá dé.

Ìlú kékeré yìí ló kọ́kọ́ ní méyọ̀ aláwọ̀ dúdú ní gbogbo Ireland, ọmọ wa dẹ̀ ni. Rótìmí Adébárí, ọmọ Òkè-Odàn ní ìpínlẹ̀ Ògùn, wá pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ ẹ̀ ní 2000 láti wá ibi ìsádi. Ní 2004 ó gbé àpótí, kò sí nínú ẹgbẹ́ òṣèlú kankan, wọ́n dìbò fún un wọ kánsù ìlú, ní oṣù Kẹfà 2007 wọ́n fi jẹ méyọ̀. Ọdún méje láti ìgbà tó dé! Ìjọba fagi lé gbogbo kánsù ìlú, ọgọ́rin ni wọ́n, ní 2014, nítorí náà Portlaoise ò ní méyọ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́, kánsù káúǹtì ló kù, kánsẹ́lọ̀ 19, méje nínú wọn láti agbègbè Portlaoise.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ̀ nìyí: ẹ ò nílò ìwé ọmọ onílùú láti dìbò fún kánsẹ́lọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti pé ọdún 18, tó ń gbé Ireland, lè dìbò yẹn, irú físà yòówù kó ní, àní tó bá ṣì ń dúró de èsì ìsádi, ó lè gbé àpótí pàápàá. Ìbò ààrẹ àti ti ilé aṣòfin lọ̀tọ̀, ìyẹn lohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú tí wọ́n á fi ní «kò kàn wá». Ẹ lọ sórí checktheregister.ie, nọ́ńbà PPS yín, ìyẹn nọ́ńbà tí ìjọba fi ń dá ẹnì kọ̀ọ̀kan mọ̀, ọjọ́ ìbí yín àti Eircode tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n máa bi yín. Tẹ́ ẹ bá kó lọ ilé míì, ẹ tún un ṣe. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni ìbò yìí, èyí tó kọjá wáyé ní oṣù Kẹfà 2024, ẹ má dúró di ìgbà tí ìbò bá ku ọ̀la.

Bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ náà yàtọ̀ sí ti wa, wọn kì í tẹ ìka. Ẹ máa kọ 1 sí iwájú ẹni tó wù yín jù, 2 sí ẹni tó tẹ̀lé e, 3, 4, títí dé ibi tó bá tẹ́ yín lọ́rùn. Tí ẹni tẹ́ ẹ fún ní 1 bá fìdí rẹmi tàbí tí ìbò ẹ̀ bá ju èyí tó nílò lọ, ìbò yín lè kọjá sọ́dọ̀ ẹni tẹ́ ẹ fún ní 2. Ẹ má fi àmì máàkì sí iwájú èèyàn mẹ́ta, wọ́n á sọ ìwé yẹn nù. Torí bí ìbò ṣe ń kọjá yìí ni àwọn kánsẹ́lọ̀ fi máa ń wá kan ilẹ̀kùn yín, wọ́n mọ̀ pé 2 àti 3 yín lè gbé wọn wọlé. Tí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ẹ ṣí i. Ọ̀rọ̀ iná òpópónà ẹ̀sìtéètì wa tí kò tàn ni mo sọ fún ẹni tó wá sílé mi, ó kọ ọ́ sínú ìwé ẹ̀, ó béèrè Eircode mi.